Ìwé Inú Àpò Ẹ̀yìn

Lábẹ́ afárá Mọ́kọ́lá ni mo ti rà á,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta bírò àti kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá.
Ó ká ìwé náà lójú mi bí ẹni ká ẹní,
ó ní, "Wò ó, kò ní kán."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo sanwó. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni.

Mo ti ní ẹlẹ́yìn líle rí.
Akínlàbí ẹ̀gbọ́n mi ló fi ta mí lọ́rẹ,
dúdú, tó ń dán bí bàtà lọ́yà.
Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí; n kò lè da ọ̀rọ̀ wérewère sí i nínú.
Ọjọ́ tí mo jàjà tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kà!
ewé mẹ́rin yọ bí eyín ọmọ ọdún méje.

Àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò ni ilé èyí.
Mítà iná ni mò ń kà jẹun,
láti Òkè-Ààrẹ dé Bẹẹrẹ, láti Bẹẹrẹ dé Òjé,
kí n gun òkè, kí n tún fà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀.
Mo jókòó lé e lórí ọ̀kadà, mo jókòó lé e lórí bẹ́ǹṣì,
mo gbé e fo gọ́tà lọ́jọ́ tí ajá Ìyá Arómáṣọdún lé mi.
Kí Ẹrẹ́nà tó parí, ó ti tẹ̀ bí ìdí mi ṣe tẹ̀.
Bí mo bá fi sórí tábìlì, kì í sùn gbalaja;
a gbé orí díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ní pálọ̀.

Alaalẹ́ ni mò ń kọ ọ́. Ìlà márùn-ún. Nígbà míì, ẹyọ kan:
"Lónìí, onílé kan ní kí n wá ka òkùnkùn."
"Lónìí, mo rántí ohùn bàbá mi, n kò mọ ìdí."

N kò ní purọ́, bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́.
Bí mo bá fi ìbínú kọ̀wé, a yọ sí òdìkejì;
ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun a máa yọjú wo ti Ọjọ́rú.
Mojírádé náà ti kọ tirẹ̀ sí etí ibì kan:
"Gààrí, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ata, o ò fún mi lówó."
Abẹ́ ibi tí mo ti ń ṣọ̀fọ̀ ni ó kọ ọ́ sí.
N kò pa á rẹ́.

Ní Òkudù, òjò ká mi mọ́ Òkè-Bọ̀là.
Ìwé wú bí búrẹ́dì inú tíì.
A sá a sẹ́yìn fíríìjì, ewé kan lẹ́yìn èkejì,
kò ya. Àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta ti di omi aró.
"Kí ni mo kọ síbẹ̀?"
Mojírádé ní, "Ìjà wa ni."
Mo ní kó rán mi létí.
Ó ní òjò ti gbọ́ ẹjọ́ yẹn tán.

Ní Ọ̀wàrà, okùn àárín rẹ̀ já.
Gbádégẹṣin tó ń rán bàtà ní Òkè-Pádì
wò ó síwá, wò ó sẹ́yìn:
"Kí ló wà nínú ẹ̀?"
"Ojoojúmọ́."
Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́.
"Ojoojúmọ́ náà ló ń jẹ bàtà."
Kò gba kọ́bọ̀.

Ó ku ewé mọ́kànlá báyìí.
Etí rẹ̀ ti ká bí etí ajá ọjọ́sí,
òógùn mi ti sọ èèpo rẹ̀ di àwọ̀ ẹ̀kọ yangan.
Mo padà sábẹ́ afárá lánàá.
Ìbòrí fóònù ni ọkùnrin yẹn ń tà báyìí.
Mo yọ ìwé, mo ká a, mo tú u, kí ó lè rí i.
Ó ń bá oníbàárà dúnàádúrà, kò gbójú sókè.
Mo rọra tì í bọ àpò,
mo pe ọ̀kadà,
mo jókòó lé ọdún kan, ó di ilé.